Abẹ́ Ẹ̀ka Ni Kí Ayùn Ti Kọ́kọ́ Wọlé: Ìwé Ìtọ́sọ́nà fún Gígé Ẹ̀ka Igi Ńlá

Àwọn tí ìwé yìí wà fún mọ àdá lò, wọ́n sì mọ igi gùn, a kò ní fi ìyẹn dá yín dúró. Ohun tó mú wa kọ ọ́ ni pé à ń rí igi tó dára tí èèpo rẹ̀ bó láti ìdí ẹ̀ka títí dé ìsàlẹ̀, à ń rí àwọn tó ń já bọ́ láti orí àkàbà, ohun kan náà ló sì ń fa méjèèjì. Ẹni náà gbé ayùn lé orí ẹ̀ka tó wúwo, ó sì gé e láti òkè wá sísàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ẹ wo bó ṣe máa ń rí. Ayùn kò tíì kọjá àárín tí ìwúwo ẹ̀ka á ti máa fà á wálẹ̀. Ojú ibi tí ẹ gé á yà, igi á dún pàràpàrà, ẹ̀ka á sì ṣẹ́ kí ayùn tó parí iṣẹ́. Ṣùgbọ́n èèpo tó wà lábẹ́ kò tíì gé, ìyẹn ló ṣe ń fa èèpo ara igi dání bó ti ń lọ sílẹ̀. Ìdí ẹ̀ka á wá fì padà sí ara igi, níbi tí àkàbà wà gan-an. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀ka tí ẹ ń gé yẹn náà ni ẹ gbé àkàbà tì, èyí tó kù lára igi á fò sókè nígbà tí ẹrù bá ti kúrò lórí rẹ̀, àkàbà á sì dúró sínú afẹ́fẹ́ pẹ̀lú yín lórí rẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni kí ẹ gé e

Ẹ̀ka yòówù tí ọwọ́ kan kò lè gbé dúró, ẹ̀ẹ̀mẹta ni kí ẹ gé e. Ẹ má sọ pé ó kéré.

Àkọ́kọ́, láti abẹ́. Ẹ fi ọgbọ̀n sẹ̀ǹtímítà (30) jìnnà sí ara igi, kí ẹ gé e láti abẹ́ lọ sókè títí dé ìdá kan nínú mẹ́rin ìnípọn rẹ̀. Bí ẹ̀ka bá nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 20, ẹ gé e wọlé ní sẹ̀ǹtímítà 5, kí ẹ dúró. Bí ẹ bá rí i pé ó fẹ́ há ayùn mọ́lẹ̀ kí ó tó débẹ̀, ẹ yọ ọ́ kíákíá, ó ti tó.

Èkejì, láti òkè. Ẹ sún síwájú lọ sí ọ̀nà ṣóńṣó ẹ̀ka ní sẹ̀ǹtímítà 3 sí 5, kí ẹ wá gé e láti òkè. Ẹ̀ka á ṣẹ́, á sì já bọ́ láìmú èèpo dání, nítorí pé ibi tí ẹ gé lábẹ́ kò ní jẹ́ kí ó ya kọjá ibẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni kúkúrú tó kù lára igi. Ẹ fi ọwọ́ kan gbá a mú tó bá jẹ́ ayùn ọwọ́ ni ẹ ń lò, kí ẹ wá gé e. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ tún ti ń bà á jẹ́. Ẹ wo ìdí ẹ̀ka dáadáa: ẹ ó rí ibi tó wú yíká, tí èèpo ti hunjọ. Ẹ má gé ibi tó wú yẹn. Ibi tó ti tán gẹ́lẹ́ ni kí ẹ ti gé e, kí ẹ má sì fi kùkùté gígùn sílẹ̀. Àwọn kan fẹ́ràn kí ó tẹ́ pẹrẹsẹ mọ́ ara igi kí ó lè dùn ún wò. Igi yẹn ló ń jẹ ìyà rẹ̀. Alex Shigo, onímọ̀ igi ará Amẹ́ríkà, fi ẹ̀rọ la ẹgbẹẹgbẹ̀rún igi wò nínú, ohun tó sì rí ni pé ibi tó wú yẹn ni igi fi ń sé ìjẹrà mọ́ta. Ẹ má kun ojú egbò náà. Ọ̀dà kò dá ìjẹrà dúró.

Láàárín ọdún kan, ẹ má gé ju ìdá kan nínú mẹ́rin ẹ̀ka tó ní ewé lára igi kan.

Ẹ̀ka tó gùn tó sì wúwo, ẹ má gé e ní odidi. Ẹ gé e ní kúkúrú kúkúrú láti ṣóńṣó wá sídìí, tàbí kí ẹ fi okùn sọ ọ́ kalẹ̀. Ẹni tó di okùn mú nílẹ̀ á yí i po ìdí igi kí igi lè bá a gbé e. Kò gbọ́dọ̀ wé e mọ́ ọwọ́, kò sì gbọ́dọ̀ so ó mọ́ ìbàdí. A ti sọ èyí títí.

Irinṣẹ́

Ẹ̀ka tí kò ju sẹ̀ǹtímítà 2 lọ, àlùmọ́gàjí ìgé-ẹ̀ka tó o. Èyí tó ní apá gígùn lè gé tó sẹ̀ǹtímítà 4. Láti ibẹ̀ dé sẹ̀ǹtímítà 10, ayùn ọwọ́ tí eyín rẹ̀ ń gé nígbà tí ẹ bá fà á sọ́dọ̀ yín ni kí ẹ lò. Àdá kì í ṣe fún iṣẹ́ yìí, ojú egbò rẹ̀ máa ń rí jágbajàgba.

Tí ẹ bá kúrò lórí igi tó ń ṣàìsàn, ẹ fi ọtí ìpakòkòrò tó jẹ́ ìdá àádọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún (70%) nu ojú irinṣẹ́ kí ẹ tó bọ́ sórí òmíràn.

Ẹ̀rọ agégi: ọ̀pọ̀ nínú wọn ń fẹ́ mílílítà 20 ọ́ìlì nínú lítà bẹntiróòlù kan, ṣùgbọ́n ẹ ka ìwé tó bá ẹ̀rọ yín wá. Ẹ má fojú wọ̀n ọ́n. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ tutù kí ẹ tó da epo sí i, kí ẹ sì gbé e jìnnà tó mítà 3 sí ibi tí ẹ ti da epo kí ẹ tó tàn án. Ilẹ̀ ni kí ẹ ti tàn án, kí ẹ fi ẹsẹ̀ tẹ ọwọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́lẹ̀; ẹ má jù ú sísàlẹ̀ láti fa okùn rẹ̀.

Ẹ máa wo ohun tó ń jáde lára igi nígbà tí ẹ̀rọ bá ń gé. Bí ṣéènì, ìyẹn ẹ̀wọ̀n eléyín tó ń gé igi, bá mú, wẹ́wẹ́ igi gígùn ló ń tú jáde. Bó bá jẹ́ lẹ́búlẹ́bú bí ìyẹ̀fun, ṣéènì ti kú, ẹ ó sì máa fi agbára tẹ̀ ẹ́, ibẹ̀ ni ọwọ́ ti ń yọ̀. Ẹ dá a dúró, kí ẹ pọ́n ọn. Fáìlì róbótó ni, ìwọ̀n rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ bá ṣéènì mu: mílímítà 4 fún ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ kékeré, 4.8 fún àwọn tó tóbi díẹ̀. Ẹ máa tì í síwájú nìkan, láti inú eyín síta, kí iye ìgbà tí ẹ tì í lórí eyín kọ̀ọ̀kan dọ́gba.

Ọwọ́ méjèèjì ni kí ẹ fi di ẹ̀rọ mú, kí ó má sì ga ju èjìká yín lọ. Apá òkè ṣóńṣó rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ kan igi. Bó bá kàn án, ẹ̀rọ á ta padà sí ojú ẹni tó mú un kí ó tó ṣẹ́jú.

A kì í gun àkàbà pẹ̀lú ẹ̀rọ agégi. Rárá. Ayùn ọwọ́ ni ti orí àkàbà. Àkàbà tó ga ní mítà 4, ìdí rẹ̀ á jìnnà sí igi ní mítà 1, ẹ ó sì so orí rẹ̀ mọ́ ara igi gan-an. Ẹ má gbé e ti ẹ̀ka tí ẹ fẹ́ gé.

Àwọn tó fi iṣẹ́ yìí ṣe òwò

Ẹni tó bá wà lórí igi pẹ̀lú ayùn gbọ́dọ̀ so mọ́ ọn ní ibi méjì, kí ọ̀kan nínú okùn náà ní wáyà nínú, nítorí ẹ̀rọ lè gé okùn lásán bó bá ṣèèṣì kàn án. Àṣíborí, ìbojú, ohun tí a fi ń dí etí, ṣòkòtò tó ń dá ṣéènì dúró, bàtà tó le: ojoojúmọ́ ni, kì í ṣe ìgbà tí iṣẹ́ bá le nìkan. Ariwo ẹ̀rọ yìí ju dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 100 lọ, etí tó bá ti kú kì í jí. Ọwọ́ náà ń kú nítorí bí ẹ̀rọ ṣe ń gbọ̀n: bí orí ìka bá ń funfun, tó ń ta yín bí abẹ́rẹ́, ẹ fi ẹ̀rọ sílẹ̀, kí ẹ lọ rí dókítà. Ẹ fi báńdéèjì tó ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró sí àpò ara yín. Èyí tó wà nínú ọkọ̀ nísàlẹ̀ kò wúlò fún ẹni tó wà lókè.

Ẹ má fi bàtà ìgùngi tó ní irin ṣóńṣó gun igi tí ẹ kò fẹ́ gé lulẹ̀. Ihò tó bá dá sára rẹ̀, egbò ni.

Ẹni kan kì í dá iṣẹ́ yìí ṣe. Ẹnìkejì á dúró nílẹ̀, á mọ igi gùn, á sì ní okùn tirẹ̀ láti lè gbé ẹni òkè sọ̀ kalẹ̀. Kò gbọ́dọ̀ wọ abẹ́ igi àfi tó bá pè, tí ẹni òkè sì dá a lóhùn. Bó bá jẹ́ pé ẹ ń gé igi lulẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ súnmọ́ ọn tó ìlọ́po méjì gígùn rẹ̀ àyàfi ẹni tó ń gé e.

Bí wáyà iná bá gba àárín ẹ̀ka kọjá tàbí tó súnmọ́ ọn, ẹ má gùn ún, ẹ má sì na ohunkóhun sí i. Ẹ pe ilé iṣẹ́ tó ni wáyà kí wọ́n kọ́kọ́ pa iná.

Ẹ̀yin onílé tó ń gba òṣìṣẹ́, kí ẹni náà tó gun igi, ẹ bi í pé ibo lára ẹ̀ka ni ayùn á ti kọ́kọ́ wọlé. Bó bá fi ọwọ́ han òkè, tàbí tó jẹ́ àkàbà àti ẹ̀rọ agégi nìkan ló gbé wá, ẹ wá ẹlòmíràn.