Bí Mo Ṣe Tọpa Àwòrán Omíyalé Kan Dé Ọ̀dọ̀ Olóòtú

Àwòrán tó wà nínú ìròyìn náà bani lẹ́rù: omi ti gba títì, ọkọ̀ ti dojú dé, èrò kún orí afárá. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé Ìbàdàn nìyẹn, láàárọ̀ ọjọ́ náà. Àǹtí mi fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, wọ́n ní n ò gbọ́dọ̀ jáde nílé. Mi ò bá wọn jiyàn. Ẹni tí omíyalé odò Ògùnpa n'Ìbàdàn ṣojú rẹ̀ ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980 kì í fi ọ̀rọ̀ omi ṣeré.

Ṣùgbọ́n nọ́ńbà àwọn ọkọ̀ inú àwòrán náà kò jẹ́ kí n sinmi. Gbogbo èyí tó ṣeé kà ló fi lẹ́tà méjì bẹ̀rẹ̀, tó sì fi mẹ́ta parí. Ọdún 2011 ni wọ́n yí ètò yẹn padà, lẹ́tà mẹ́ta ló ń ṣíwájú báyìí. Ọkọ̀ kan lè ṣì máa lo ti àtijọ́, àmọ́ gbogbo ọkọ̀ ojú pópó kọ́. Nínú èrò rẹpẹtẹ yẹn pẹ̀lú, kò sẹ́ni tó gbé fóònù sókè.

Kí n tó wá orísun àwòrán rárá, mo gbé líǹkì ìròyìn náà sínú Wayback Machine ti Internet Archive, kó lè tọ́jú ojú ìwé náà bó ṣe wà. Ẹ má fo ìgbésẹ̀ yìí o. Iléeṣẹ́ ìròyìn lè yí ọ̀rọ̀ padà nígbàkígbà, ẹni tí kò sì ní ẹ̀rí lọ́wọ́ á wá dà bí òpùrọ́.

Lẹ́yìn náà ni mo lo Google Lens àti TinEye, àwọn irinṣẹ́ tí èèyàn fi ń wá ibi tí àwòrán ti jáde rí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Mo fẹ́ràn TinEye fún irú iṣẹ́ yìí, torí ó lè to ohun tó bá rí bẹ̀rẹ̀ látorí èyí tó pẹ́ jù. Ibẹ̀ ni àṣírí tú: omíyalé ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011 ni, èyí tó pa èèyàn tó lé ní 100 n'Ìbàdàn. Ìlú náà ni lóòótọ́, ọjọ́ ni wọ́n purọ́ rẹ̀. Irú irọ́ bẹ́ẹ̀ ṣòro mú, torí ojú wa mọ ibẹ̀. Ó tún dùn mí pé ọ̀fọ̀ àwọn ẹbí kan ni wọ́n sọ di ìròyìn tuntun.

Mo kọ̀wé sí olóòtú kí n tó sọ ohunkóhun síta. Mo kí wọn kú iṣẹ́, mo fi àwọn líǹkì sí i, mo sì tọ́ka sí ìlànà iṣẹ́ tí àwọn akọ̀ròyìn Nàìjíríà fẹnu kò sí n'Ílọrin lọ́dún 1998: bí ohun tí kò tọ̀nà bá ṣèèṣì jáde, kí wọ́n ṣàtúnṣe kíákíá. Mi ò bú ẹnikẹ́ni. Bí èèyàn bá bú wọn, èébú yẹn ni wọn yóò dáhùn, wọn yóò fi ẹ̀rí sílẹ̀.

Wọ́n yọ àwòrán náà láìsọ fún ẹnikẹ́ni pé àwọn yọ ọ́. Ibí yìí ni inú ti bí mi. Ohun tí wọ́n yọ lójú ìwé tiwọn ṣì wà lórí fóònù Àǹtí mi, ó wà nínú gbogbo ẹgbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì àti tọjà tí wọ́n ti pín in. Yíyọ lọ́tọ̀, àtúnṣe lọ́tọ̀. Mo tún kọ̀wé, mo fi ẹ̀dà tí Wayback Machine tọ́jú hàn wọ́n, mo ní kí wọ́n kọ ọ́ sójú ìròyìn náà pé àwòrán àkọ́kọ́ jẹ́ ti 2011. Mo sọ ọ́ gbangba pé bí n ò bá rí i, màá gbé gbogbo ẹ̀rí náà sórí búlọ́ọ̀gì mi.

Wọ́n kọ ọ́. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni wọ́n fi í sí. Òkè ló yẹ kó wà, níbi tí ojú á ti tètè rí i. Mo ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí Àǹtí, mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi í ránṣẹ́ síbi gbogbo tí wọ́n ti pín ti àkọ́kọ́. Wọ́n sì ṣe bẹ́ẹ̀.