Ẹ Jẹ́ Kí Ọjọ́ Kọ̀ọ̀kan Ní Ipò Tirẹ̀
Ẹ̀yin alábòójútó olórin kílásíkà ní Abẹ́òkúta, bí a ti ń ṣe ètò kọ̀ǹpútà tí a ó máa fi tọ́jú iṣẹ́ àwọn olórin wa, mo rọ̀ yín kí a má ṣe kó gbogbo ọjọ́ pọ̀ sójú kan nínú kàlẹ́ńdà rẹ̀. Ọjọ́ tí gbọ̀ngàn kan ní kí a bá òun dì mú kò tíì di àdéhùn. Bí gbọ̀ngàn mìíràn bá bèèrè ọjọ́ kan náà, ńṣe ni a ó kọ ọ́ sípò kejì, tí a ó sì bi ẹni àkọ́kọ́ bóyá yóò fọwọ́ síwèé tàbí yóò yọwọ́. Nítorí náà, kí ètò náà fi ipò ọjọ́ náà hàn, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó bèèrè àti ìgbà tí a ò ní dì í mú fún un mọ́. Bí olórin kan bá ń kọrin ní Aké ní ìrọ̀lẹ́, kí ètò náà kìlọ̀ fún wa kí a tó gba ìfidánrawò fún un l'Ékòó lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Kí a sì so àkókò mọ́ orúkọ ìlú, nítorí aago Nàìjíríà kì í yí, ṣùgbọ́n ti London ń yí: aago 7 alẹ́ níbẹ̀ lóṣù Keje, aago 7 náà ni lọ́dọ̀ wa, lóṣù Kejìlá, aago 8 ni.