Bí Mo Ṣe Fi Ìyísódì Kọ Ìtàn Àdùkẹ́

Ìtàn kúkúrú ni mo fẹ́ kọ nípa obìnrin kan tó ń ta búrẹ́dì ní Ọjà Ọba, Àkúrẹ́. Ọkọ rẹ̀ lọ sí Èkó, a ò sì gbúròó rẹ̀ mọ́. Mi ò fẹ́ kọ ọ́ síbì kankan pé inú Àdùkẹ́ bàjẹ́. Òǹkàwé ni mo fẹ́ kó fojú ara rẹ̀ rí i. Ìyísódì ni mo fi ṣe é, ìyẹn ni pé mo ń fi "kò", "kọ́" àti irú wọn sọ ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀ tàbí tí kò ṣẹlẹ̀.

Mo kọ́kọ́ kọ ọ́ ní gbọnrangandan: "Àdùkẹ́ palẹ̀ ọjà mọ́, ó lọ sílé." Gbólóhùn náà dá ṣáká, àmọ́ kò sí nǹkan nínú rẹ̀. Mo wá kọ pé: "Àdùkẹ́ palẹ̀ ọjà mọ́. Kò kí ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́. Kò dúró ra ẹja. Kò gun ọ̀kadà." Ohun tó máa ń ṣe lójoojúmọ́ ti hàn báyìí, ó sì hàn pé lónìí nǹkan ṣe é. Ẹ̀yin náà mọ ọjà wa: ẹni tó bá kọjá láìkíni, wọn á bi í léèrè.

Ìyísódì kì í mú nǹkan kúrò kó má kọ́kọ́ gbé e síwájú wa. Bí mo bá ní "kò sí bàtà ọkùnrin lẹ́nu ọ̀nà mọ́", ẹ ti rí bàtà náà kí n tó gbé e kúrò. Ẹ yọ "mọ́" yẹn, á wá dà bí ẹni pé ọkùnrin kankan ò gbébẹ̀ rí.

Ibi tí mo ti pẹ́ jù nìyí. Mo pín ìyísódì fún àwọn ènìyàn inú ìtàn, kálukú pẹ̀lú tirẹ̀. Bí wọ́n bá béèrè ọkọ lọ́wọ́ Àdùkẹ́, ohun tó máa ń sọ ni pé "kò tíì dé". Àwọn ará ọjà ní "kò wá mọ́". Ìyá ọkọ ní tirẹ̀ ní: "Ẹni tó ń bọ̀ kì í pẹ́ tó báyìí." Ẹnikẹ́ni ò bá ẹnikẹ́ni jà, síbẹ̀ a mọ ibi tí kálukú wà.

Mo tún lo "kọ́": "Òjò kọ́ ló dá a dúró. Ọkọ̀ kọ́ ló bàjẹ́." Ta ló ti ń sọ pé òjò ni? Àdùkẹ́ ni, gbogbo àwáwí tó ti ń ṣe fún ọkọ rẹ̀ sì tú síta láìjẹ́ pé mo kà wọ́n.

Mo wá gé púpọ̀ dànù, nítorí bí "kò" bá ti pọ̀ jù, etí á kú sí i. Ohun tí ẹnikẹ́ni ò retí kò yẹ ní yíyí sódì: bí mo bá kọ pé Àdùkẹ́ kò gẹṣin lọ sí Òkè-Àró, àdúgbò kan ní Àkúrẹ́, ta ló ní kó gẹṣin? Mi ò gé ti ọ̀kadà, torí ẹni bá rí i tó ń fẹsẹ̀ rìn á béèrè bóyá owó ló tán.

Ní ìpínrọ̀ ìkẹyìn, mi ò fi ìyísódì kankan sí i: "Ó jí. Ó gbálẹ̀. Ó kó bàtà inú àpótí fún àbúrò rẹ̀. Ó gbé búrẹ́dì, ó kí ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́." Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kà á débẹ̀, ó ní, "Ó ti gbà nìyẹn."