Bí mo ṣe fi kẹ́ẹ̀gì òróró mẹ́ta ṣe òkè ní Bàrígà

Ọmọ kan nínú àwọn tí mò ń kọ́ lẹ́yìn ilé-ìwé ló bi mí pé, "Àǹtí, kí ló dé tí omi fi máa ń kún ní Kárà lọ́jọ́ tí òjò ò rọ̀ rárá?" Apá kan ìdáhùn náà rọrùn: Odò Ògùn tó ń gba Kárà kọjá kì í ṣe ọmọ Èkó. Orí òkè lápá Ṣakí ló ti ń ṣàn bọ̀, ó gba Abẹ́òkúta kó tó wọ ọ̀sà wa, bí wọ́n bá sì ṣí dáàmù Ọ̀yán, àwọn tó wà nísàlẹ̀ odò ló ń rí i. Ohun tí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè àti ọwọ́ àgbẹ̀ ń fi omi ṣe kó tó dé ibí ló ṣòroó fẹnu sọ. Bàrígà sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Mo bá kúkú ṣe òkè tèmi.

Mo dá kẹ́ẹ̀gì mẹ́ta dùbúlẹ̀, mo fi ọ̀bẹ gbígbóná gé ẹ̀gbẹ́ tó wà lókè kúrò. Ẹnu kẹ́ẹ̀gì ni omi orí ilẹ̀ yóò gbà jáde. Mo tún lu ihò kékeré sábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí omi tó bá rin inú ilẹ̀ kọjá lè kán sínú ife tirẹ̀. Ẹ má fo ihò yìí o, òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dá lé. Ilẹ̀ kan náà ni mo kó sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: mo gbin koríko sí ọ̀kan, mo da ewé gbígbẹ bo èkejì, mo fi ẹ̀kẹta sílẹ̀ ní ìhòòhò. Nígbà tí koríko fìdí múlẹ̀ ni mo tó wọ́n ajílẹ̀ NPK sí wọn lọ́gbọọgba, mo sì fún un láyè díẹ̀, torí àwọn kòkòrò àìfojúrí inú ilẹ̀ ló ń sọ apá kan rẹ̀ di nitrate, ìyẹn oúnjẹ tí ewéko ń fi gbòǹgbò mu.

Mo fi agolo tí mo dá ihò sí ní ìdí rọ òjò lé wọn lórí. Nígbà tí wọ́n wà ní pẹrẹsẹ, ilẹ̀ ń rọra mu omi. Mo wá ki búlọ́ọ̀kù bọ ìdí wọn. Yéè! Ilẹ̀ oníhòòhò tu omi pupa jáde lẹ́ẹ̀kan náà, ẹrẹ̀ dí ẹnu kẹ́ẹ̀gì. Ti ewé pẹ́ díẹ̀ kó tó dé. Ti koríko kéré, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́ tán.

Bébà tí àwọn ọlọ́sìn ẹja fi ń yẹ omi wò, tó máa ń pọ́n bí nitrate bá wà nínú omi, ni mo tì bọ àwọn ife náà. Gbogbo ọmọ ti gbà pé ẹrẹ̀ ni yóò burú jù. Omi mímọ́ gaara tó kán lábẹ́ ilẹ̀ oníhòòhò ló mú kí bébà pọ́n jù. "Omi tó mọ́ yìí kẹ̀?" Bẹ́ẹ̀ ni. Nitrate máa ń yòrò sínú omi, ojú kì í rí i. Phosphate, oúnjẹ ewéko mìíràn tó wà nínú ajílẹ̀, ló ń lẹ̀ mọ́ erùpẹ̀, tó ń bá ẹrẹ̀ lọ.

Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti rí irú rẹ̀ rí lórí òkè gidi, ní igbó ìwádìí Hubbard Brook, ìpínlẹ̀ New Hampshire ní Amẹ́ríkà. Láti òpin ọdún 1965, wọ́n gé gbogbo igi orí ilẹ̀ hẹ́kítà 15.6, wọ́n fi igi náà sílẹ̀ níbẹ̀, wọ́n sì ń fi oògùn apakoríko dènà kí nǹkan má hù. Lọ́dún àkọ́kọ́, omi tó ń ṣàn jáde fi nǹkan bí ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i, nítorí kò sí igi tí yóò mu ún. Nitrate inú rẹ̀ kọjá ìwọ̀n tí wọ́n fàyè gbà nínú omi mímu.

Irú oúnjẹ yìí wà lára ohun tí ewéko orí omi tó ń bo ọ̀sà wa ń jẹ sanra. Ṣùgbọ́n mi ò ní di gbogbo ẹ̀bi ru àgbẹ̀ òkè odò, nígbà tí gọ́tà tiwa náà ń da ọṣẹ àti ìgbẹ́ síbẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ dán an wò, kó má lo iyanrìn etí òkun, kì í di nǹkan mú. Ilẹ̀ dúdú tí wọ́n ti fi dáko ló dára. Kí bébà náà má sì rí ọ̀rinrin kí ẹ tó lò ó.