Bí a ṣe ń sọ ẹ̀yà àjèjì lórúkọ nínú géèmù, tí ìlú á fi gbà wọ́n

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ṣe géèmù orí tábìlì tí kálukú ti ń ṣe ẹ̀dá kan nínú ìtàn, ìyẹn Dungeons & Dragons, kò sẹ́ni tó ń wo elf elétí ṣóńṣó tàbí dwarf kúkúrú lẹ́ẹ̀mejì tó bá wọ ìlú, wọ́n ti wà níbẹ̀ látọdún 1974 tí géèmù náà jáde, ojú ti mọ́ wọn. Àmọ́ ẹ mú tiefling wọlé, tòun tìwo lórí, tòun tìrù nídìí, ibẹ̀ niṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀.

Àkọ́kọ́, ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Níbo ni wọ́n ń gbé, ta ló ń tọ́ ọmọ wọn? Dragonborn tó jọ dírágónì, nínú ìwé òfin géèmù náà tọdún 2014, orúkọ ìdílé ló ń ṣíwájú orúkọ tiẹ̀, torí ìdílé ló kà sí jù. Tabaxi tó jọ ológbò, orúkọ tiwọn máa ń gùn bíi gbólóhùn, wọ́n á wá gé e kúrú, bí Olúwafẹ́mi ṣe ń di Fẹ́mi nílé wa gẹ́lẹ́.

Ìkejì, ẹ wá orúkọ méjì: èyí tí wọ́n ń pe ara wọn, àtèyí tí ará ìlú ń pè wọ́n lẹ́yìn. Ẹ má fo eléyìí o! Tiefling míì máa ń fúnra ẹ̀ mú ọ̀rọ̀ kan ṣe orúkọ, bí Ìrètí, kí ìlú tó ń pè é lọ́mọ èṣù lè rí nǹkan míì pè é.

Ẹ wá pe orúkọ náà sókè, bí ìgbà téèyàn ń pe ọmọ wálé lálẹ́. Tó bá kọ́ yín lẹ́nu, ẹ gé e.

Ó wá ku bí ìlú ṣe máa gbà á. Kẹ́ ẹ tó ju dáìsì kankan, ẹ bi ẹni tó ń ṣe ẹ̀dá náà bóyá ó tiẹ̀ fẹ́ kí wọ́n kórìíra ẹ̀, torí mo ti ṣe é rí pé gbogbo ìlú lé ẹ̀dá kan síta, ọ̀rẹ́ mi tó ń ṣe ẹ̀dá náà ò padà wá mọ́, ó ṣì ń dùn mí. Tó bá gbà, ẹ fi nǹkan kékeré hàn: oníbúrẹ́dì ò fi ṣéńjì lé e lọ́wọ́, orí tábìlì ló jù ú sí, àmọ́ ọmọ ẹ̀ ń bẹ̀bẹ̀ pé kóun fọwọ́ kan ìwo yẹn. Kí ìkórìíra náà nídìí, bí ogun àtijọ́, kó má sì jẹ́ gbogbo èèyàn.

Lẹ́yìn náà, ẹ ṣe sùúrù. Lọ́jọ́ tí oníbúrẹ́dì bá fẹnu ara ẹ̀ pè é ní Ìrètí, ẹ má sáré kọjá, ẹ jẹ́ kí gbogbo ẹni tó wà nídìí tábìlì dákẹ́ díẹ̀.