Àgbọ̀n Àgbò Tí A Fi POP Ṣe Kò Pàdé: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Ìbéèrè: Mo fi POP (ìyẹ̀fun funfun tí wọ́n ń pò mọ́ omi kó lè le) ṣe ẹ̀dà àgbọ̀n àgbò fún kíláàsì wa ní Ṣágámù. Bí mo bá to ehín apá ọ̀tún léra, ti apá òsì á yẹ̀. Ṣé POP ló súnkì ni?

Ìdáhùn: POP kì í súnkì; ńṣe ló tilẹ̀ ń wú díẹ̀ bó ṣe ń le. Ẹ̀dà yín dáa. Àgbọ̀n ìsàlẹ̀ àgbò tín-ín-rín ju ti òkè lọ, ẹ̀gbẹ́ kan ló sì fi ń lọ koríko lẹ́ẹ̀kan. Ẹ wo àgbò tó ń jẹ àpọ̀jẹ: ẹnu rẹ̀ ń yí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ha ẹ̀dà náà kó lè pàdé, ẹ ó ba ẹ̀kọ́ náà jẹ́. Ẹ sún ti ìsàlẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ wá sí àárín, kí àwọn ọmọ rí bí ojú ehín ṣe ń ha ara wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ má ṣe lẹ ehín iwájú mọ́ òkè: èrìgì líle ló wà níbẹ̀, kò sí ehín.

Ìbéèrè: Ìwé ní ehín àgbò jẹ́ 32, èmi ka 28.

Ìdáhùn: Àgbò Iléyá lẹ lò. Ọ̀pọ̀ orí àgbò tó ń wà nílẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde lásìkò Òjúde Ọba jẹ́ ti èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé ní ọdún kan. Ehín ẹ̀rẹ̀kẹ́ mẹ́rin tó kẹ́yìn, ó di bí ọdún kan ààbọ̀ sí méjì kí wọ́n tó yọ. Ẹ kọ ọjọ́ orí sẹ́yìn ẹ̀dà.

Ìbéèrè: Ṣóńṣó ehín ajá ń jáde pẹ̀lú ihò, àwọn mìíràn ń ṣẹ́.

Ìdáhùn: Afẹ́fẹ́ ló há sí ìsàlẹ̀ ihò tí ehín egungun tẹ̀ sínú amọ̀ tí ẹ ń da POP sí. Omi ni kó kọ́kọ́ wọ abọ́: ife kan, kí ẹ wá fọ́n POP ife méjì lé e díẹ̀díẹ̀. Ẹ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan kó mu omi, kí ẹ tó rò ó pẹ̀lẹ́. Ríro rẹ̀ kíákíá ló ń kó afẹ́fẹ́ sí i. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré kun inú ihò ehín kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó da ìyókù, kí ẹ sì máa gbá abẹ́ tábìlì títí ìhó kò fi ní jáde mọ́.

Ti ṣíṣẹ́, ehín ajá tẹ̀ sẹ́yìn. Lẹ́yìn wákàtí kan, amọ̀ ni kí ẹ ká kúrò lára ẹ̀dà. Ẹ má fa ẹ̀dà jáde nínú amọ̀. Mọ́ọ̀dù amọ̀ kan, ẹ̀dà kan ni. Bí POP bá ṣì rọ̀ lẹ́yìn wákàtí náà, àpò tí wọ́n ṣí sílẹ̀ ló ti fa ọ̀rinrin. Kò sí àtúnṣe; ẹ ra tuntun lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe sílìn.

Ìbéèrè: Òyà àti òkété jọra lójú àwọn ọmọ. Ibo ni wọ́n ti máa rí ìyàtọ̀ oúnjẹ wọn?

Ìdáhùn: Ehín iwájú nìkan ni wọ́n ń wò, ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni kí wọ́n kà. Òyà ní mẹ́rin ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, lókè àti nísàlẹ̀; pẹ̀lú ehín iwájú mẹ́rin, àpapọ̀ 20. Òkété ní mẹ́ta-mẹ́ta; pẹ̀lú ehín iwájú mẹ́rin, àpapọ̀ 16. Eésún àti ìrèké ni òyà ń lọ, ìdí nìyẹn tí ojú ehín rẹ̀ fi ní ìlà líle tó ká wọ inú. Òkété ń jẹ èso, gbòǹgbò àti kòkòrò, tirẹ̀ sì ní kókó-kókó.

Ehín iwájú òkè òyà tún ní kòtò tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́ta lójú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí Vaseline bá pọ̀ lára egungun kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ mọ́ amọ̀, kòtò wọ̀nyí á dí, ẹ̀dà yín á sì jáde ní dídán. Ẹ nù ún títí tí yóò fi ku fẹ́ẹ́rẹ́. Orí òyà yíyan kò dára fún iṣẹ́ yìí, iná máa ń la ehín. Ẹ má sì to ehoro mọ́ wọn: ehín kékeré méjì wà lẹ́yìn ehín iwájú òkè rẹ̀, òyà àti òkété kò ní i.

Ìbéèrè: Ajá àti ológbò ńkọ́?

Ìdáhùn: Ehín ajá jẹ́ 42, ti ológbò 30. Àwọn méjèèjì ní ehín ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó ń gé ẹran bí àlùmọ́gàjí. Lẹ́yìn rẹ̀, ajá ṣì ní èyí tó fi ń lọ oúnjẹ, ìdí nìyẹn tó fi ń jẹ ẹ̀bà tó sì ń rún eegun. Ológbò kò ní nǹkan kan lẹ́yìn rẹ̀ nísàlẹ̀. Lókè, ehín kíún kan ló ní ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Òun ló sábà máa ń kù sínú amọ̀, nítorí náà ẹ kà á kí ẹ tó da amọ̀ nù.