Ẹ jẹ́ kí aṣọ parí iṣẹ́ tí iná bẹ̀rẹ̀ lórí ẹ̀wà

Ẹ̀yin ará wa nílẹ̀ Okun ní Ìpínlẹ̀ Kogí, láti Kàbà títí dé Ìsánlú, ẹ máa rẹ ẹ̀wà sínú omi láti alẹ́, kí ẹ sì fi aṣọ tó nípọn wé ìkòkò rẹ̀ lẹ́yìn tí ó bá ti hó, nítorí pé owó gáàsì àti èédú ti kọjá ohun tí a lè máa fi ṣòfò. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ẹ da omi tí ẹ fi rẹ ẹ̀wà nù, ẹ fi omi mìíràn gbé ẹ̀wà kaná kí ó hó dáadáa fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 20. Lẹ́yìn náà, ẹ sọ ìkòkò kalẹ̀ láì ṣí ọmọrí rẹ̀, ẹ fi bùláńkẹ́ẹ̀tì tàbí ògbólógbòó kíjìpá wé e tímọ́tímọ́ fún wákàtí kan àbọ̀. Omi tí ẹ̀wà mu lóru ti rọ̀ ọ́ dénú, ooru tí aṣọ há mọ́ inú ìkòkò ni yóò sì máa sè é lọ (ẹni tó bá ń ṣí i wò ló ń ba ara rẹ̀ níṣẹ́ jẹ́). Ṣùgbọ́n ìkòkò kékeré tètè máa ń tutù, ẹ̀wà tó sì ti pẹ́ nínú àpò lè ṣì le díẹ̀. Nítorí náà, ẹ dá a padà sórí iná kí ó tún hó kí ẹ tó fi iyọ̀ àti epo sí i.